Òkété Lọ Wo Ilẹ̀ Orí Òkè

Àlọ́ o!
Ààlọ̀!
Ẹ̀yin ọmọdé tó ń tòògbé lẹ́yìn yẹn, àlọ́ o!
Ààlọ̀!

Ní ìgbà kan rí, odò kún, ó bo ilẹ̀ àwọn ẹranko. Iṣu jẹrà nínú ebè. Omi wọ ihò Òkété, bẹ́ẹ̀ Àyọ̀ká ìyàwó rẹ̀ lóyún, ó ku díẹ̀ kó bí.

Ẹfọ̀n, olórí wọn, ní, "Òkété, ìwọ lo mọ ilẹ̀ jù nínú wa. Gun òkè yẹn, bá wa wò ó bóyá a lè kó lọ síbẹ̀, ká máa dáko, ká máa jẹun."

Òkété gun òkè. Há! Koríko tutù yọ̀yọ̀. Omi ń ṣàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpáta. Kò sí aládùúgbò tí yóò wá yá ọkọ́, kò sí ẹni tí yóò pè é sí àáró. Òkété jókòó, ó na ẹsẹ̀. "Kí ni mo fẹ́ fi èrò rẹpẹtẹ ṣe níbí? Èmi, ìyàwó mi, ọmọ mi, ó tó."

Ó sọ̀ kalẹ̀, ó fajú ro.

"Baba, ẹ má wulẹ̀ yọ ara yín lẹ́nu. Àpáta lásán ni. Ilẹ̀ ibẹ̀ ò jìn. Tójò bá dá, ẹ ò ní rí omi bọ́jú."

"O ṣeun, olóòótọ́ ọmọ," ni Ẹfọ̀n wí. Wọ́n wá pinnu pé gbogbo ilé ni yóò gbẹ́ kòtò tí yóò fa omi náà lọ.

Òkété ní ẹ̀yìn ń dun òun. Ó fi ihò rẹ̀ ta Ehoro lọ́rẹ, ó ní òun ń kó lọ sílé àna òun.

Ẹ wo ọ̀gbẹ́ni tó gbẹ́rù gun òkè! Ó bẹ̀rẹ̀ sí gbẹ́ ihò. Kò tíì jìn rárá, èékánná rẹ̀ kan òkúta. Kọ́! Ó yà sọ́tùn-ún. Kọ́! Àyọ̀ká di ikùn mú, ó ń wò ó.

"Olówó orí mi, nígbà tẹ́ ẹ wá wò ó, ṣé ẹ gbẹ́ ilẹ̀ wò?"

"Mo fojú wò ó."

"Ẹ̀yin! Òkété! Ẹ fojú wo ilẹ̀!"

Òjò dá. Ní ọjọ́ kẹfà, omi ẹ̀gbẹ́ àpáta gbẹ. Ìtìjú mú Òkété, ẹ̀rín sì tún ń pa á. "Ẹ gbà mí! Mo fara balẹ̀ parọ́, gbogbo irọ́ mi wá jẹ́ òótọ́. Èmi nìkan ni mi ò gba ara mi gbọ́."

Àyọ̀ká kò rẹ́rìn-ín. Ó gbé ẹrù, ó sọ̀ kalẹ̀, Òkété tẹ̀ lé e.

Nísàlẹ̀, kòtò ti fa omi lọ, ilẹ̀ ti ń gbẹ. Ehoro jókòó lẹ́nu ihò. "Ẹ káàbọ̀ o. Àna ńkọ́?"

Òkété lanu, irọ́ mìíràn ti dé ètè. Àyọ̀ká ní, "Orí òkè la wà."

Ẹfọ̀n, tó ń wo kòtò nítòsí, mi orí. "Òkété, báyìí nìwà ẹ!"

Ehoro fa Àyọ̀ká wọlé, ó tẹ́ ewé gbígbẹ fún un. Wọ́n gbé ọkọ́ lé Òkété lọ́wọ́, wọ́n ní ìpín tirẹ̀ nínú kòtò ń dúró dè é. Inú ẹrẹ̀ ló wà, òun nìkan, nígbà tó gbọ́ ẹkún ọmọ rẹ̀ láti inú ihò tó ti fi tọrẹ.

Ìdí àlọ́ mi rèé: ká má fojú lásán wo ilẹ̀, ká má sì torí ilẹ̀ ti èèyàn nù. Ẹ̀yin àgbà, ẹ yéé wò mí bẹ́ẹ̀. Ilẹ̀ tí èmi náà sáré gbà nígbà òjò, ìyàwó mi kì í jẹ́ kí n dárúkọ rẹ̀ nílé.