Ẹni Tó Fẹ́ràn Odò Nígbà Ẹ̀ẹ̀rùn

Ọkùnrin kan wà ní abúlé kan létí odò. Òun àti ìyàwó rẹ̀ nìkan ló kù nílé, àwọn ọmọ wọn ti lọ. Ó ní ọkọ̀ ojú omi kékeré kan tí kì í fi pẹja, tí kì í sì í fi kó ẹrù. Fàájì ló ń fi í ṣe. Tí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé, tí omi mọ́, tó sì ń rọra lọ, á wọ ọkọ̀ náà láàárọ̀, á wà á gba abẹ́ àwọn igi etí odò, á máa wo lékeléke àti òdòdó òṣìbàtà. Gbogbo abúlé ló gbà pé kò sí ẹni tó fẹ́ràn odò bíi tirẹ̀.

Ṣùgbọ́n tí òjò àkọ́rọ̀ bá ti rọ̀, á fa ọkọ̀ sókè, á dojú rẹ̀ délẹ̀, kò sì ní yà sí etí omi mọ́ títí ọyẹ́ á fi dé. Ó ní omi ti pọ́n, ó ní ariwo ọ̀pọ̀lọ́ ti pọ̀ jù.

Ìyàwó rẹ̀ kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Òjò ni, ọyẹ́ ni, obìnrin yìí á ti ọkọ̀ náà sómi, á wọ̀ ọ́. Nígbà òjò, odò a máa kún wọ inú igbó, obìnrin náà á sì máa wa ọkọ̀ láàárín igi, níbi tí àwọn èèyàn ń fẹsẹ̀ rìn nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ó mọ ibi tí omi ti ń yí. Ó mọ ẹyẹ tó jẹ́ pé ìgbà òjò nìkan ló ń ké. Nígbà mìíràn á ní:

"Bàbá Fẹ́yíṣayọ̀, ẹ bá mi lọ lónìí. Ẹ ò tíì rí odò yìí rí."

Ọkọ rẹ̀ á rẹ́rìn-ín. "Odò tí wọ́n bí mi sí etí rẹ̀? Ó di ẹ̀ẹ̀rùn."

Ọdún mọ́kànlélógún ló fi dá a lóhùn bẹ́ẹ̀.

Lóṣù keje ọdún kan, inú rírun mú obìnrin náà lọ́sàn-án, ó le débi pé kò lè dìde. Òdìkejì odò ni ilé ìwòsàn wà, àwọn tó mọ ọkọ̀ wà dáadáa sì ti lọ sọ́jà. Ọkọ rẹ̀ tẹ́ aṣọ sínú ọkọ̀, ó gbé e sí i, ó mú àjẹ̀.

Kò mọ odò náà mọ́. Èbúté tó mọ̀ ti rì. Igi tó fi ń ṣàmì ti wà láàárín omi. Koríko tí omi ń gbé kiri dí i lọ́nà, ó yí padà, omi sì gbé e wọ inú igbó. Ìyàwó rẹ̀ na ọwọ́ sí apá ọ̀tún.

"Ẹ gba ibẹ̀ yẹn."

Ó gba ibẹ̀, ọ̀nà sì là. Nígbà tó yá, obìnrin náà tún na ọwọ́ sí òsì. Nígbà kẹta tí ọkọ rẹ̀ bi í pé ọ̀nà wo ni, ọwọ́ náà kò gbéra mọ́.

Ìrọ̀lẹ́ ni àwọn tó ń tọjà bọ̀ rí ọkọ̀ náà láàárín igi. Ọkùnrin náà jókòó, ó gbé orí ìyàwó rẹ̀ lé itan. Ohun tó sọ fún wọn ni pé òdòdó funfun kan wà lórí àwọn igi yẹn, òun kò rí irú rẹ̀ rí.

Adétọ̀míwá, o ní kí n bá ọ dá sí ọ̀rọ̀ ìwọ àti ìyàwó rẹ. O ní o fẹ́ràn rẹ̀, mi ò jiyàn. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí ọmọ yín ti kú lo ti kó lọ sí yàrá kejì, o ní ò ń dúró dìgbà tí ara rẹ̀ á tún yá gágá. Èyí tó ń rẹ́rìn-ín nìkan lo mọ̀. Èyí tó ń sunkún yìí náà, ìyàwó rẹ ni, o ò sì mọ̀ ọ́n rárá. Bí ọ̀ràn mìíràn bá dé bá yín lọ́la, kí lo fẹ́ fi gbé e dé èbúté?

Padà sí yàrá ìyàwó rẹ lónìí. Má sọ fún un pé kó nu ojú. Bi í léèrè ohun tó ń rò, kí o sì jókòó gbọ́ ọ, bó bá tiẹ̀ gùn, bó bá tiẹ̀ jẹ́ pé ìwọ gan-an ló máa dá lẹ́bi.