Ìtòsí Ìyá Ládùn

Ọmọ tí a gbé pọ̀n kò mọ̀ pé ọ̀nà jìn. Lọ́fẹ̀ẹ́ ni Adégòkè ń fi ọkọ̀ rẹ̀ gbé àwọn arúgbó abúlé lọ sílé ìwòsàn, síbẹ̀ Ìyá Ládùn kì í yé kùn lẹ́yìn ọkọ̀: "Ṣé ìtòsí yìí náà la ó fi gbogbo òwúrọ̀ rìn?"

Lọ́jọ́ kan tó gbé ìyá nìkan, láàárín igbó, Adégòkè dá ọkọ̀ dúró, ó fọwọ́ di àyà mú, kò sì lè fọhùn mọ́. Kò sí nẹ́tíwọ́ọ̀kì, ẹnikẹ́ni kò kọjá.

Jìnnìjìnnì bo ìyá. Ó gbá ọ̀pá mú, ó sọ̀ kalẹ̀ láti wá ìrànlọ́wọ́, ó rìn títí ó fi ní láti dúró sinmi. Ó bojú wẹ̀yìn: ọkọ̀ ṣì wà nítòsí.

Ó ní, "Adégòkè ọmọ mi, má tíì lọ o. Ọ̀nà yìí mà jìn."