Ìdí Tí Aláǹtakùn Fi Ń Dá Gbé Nínú Ilé Àtè

Ẹ dúró! Ẹ̀yin ọmọ, ẹ fi eré sílẹ̀ ná. Ẹ jókòó, ẹ tẹ́tí, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín gbọ̀ngbọ̀n!

Nígbà láéláé, nígbà tí ọwọ́ Ẹlẹ́dàá ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lára ayé, ilé àwòkọ́ṣe kan rọ̀ sára igi ọ̀pẹ. Ti gbogbo ẹ̀dá ni, gbogbo wọn ló jọ hun ún. Ẹni tó bá fẹ́ kọ́lé á wá wò ó, á lọ hun tirẹ̀. Ẹni tó bá rí ihò lára rẹ̀ á pariwo, "Ihò rèé o!" Gbogbo wọn á sáré dé, wọn á jọ dí i. Ọ̀fẹ́ ni wọ́n gbà á, ọ̀fẹ́ ni wọ́n ń fún ara wọn. Ẹ ò rí i bó ti dùn tó!

Aláǹtakùn ló ta òwú àkọ́kọ́, nítorí náà òun ni wọ́n fi ṣe olùtọ́jú. Wọ́n fọkàn tán an pátápátá.

Àfi bí Agbọ́n ṣe dé. Ó wo ilé náà wò ó wò ó, ó mọ̀ ọ́n, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́lé fún gbogbo ará ìgbẹ́. Òkìkí rẹ̀ kàn kọjá odò. Ṣùgbọ́n kò dí ihò kan rí.

"Èmi hun, Agbọ́n gbayì!" Aláǹtakùn ń fapá jánú.

"Bàbá, ẹ fi í sílẹ̀," ni Ìyá Ẹ̀gà wí. "Ṣé wíwò tó wò ó ti bu nǹkan kúrò níbẹ̀ ni?"

"Dákẹ́, aláriwo! Kí lo mọ̀?"

"Mo mọ̀ pé òjò ń bọ̀, ẹyin mi sì wà ní gbangba. Ẹnu ọ̀nà ilé yẹn ń jò. Ẹ jẹ́ ká tún un ṣe, kí n lè mọ bí n ó ṣe hun tèmi."

Aláǹtakùn lọ wá àtè, oje igi tó ń lẹ̀ mọ́ni típẹ́típẹ́. Nígbà tí gbogbo wọn lọ wá oúnjẹ, ó fi àtè kun ilé náà látòkè délẹ̀. "Kí Agbọ́n wá fọwọ́ kàn án báyìí!"

Ṣé Agbọ́n wá? Rárá o! Ó ti mọ ohun tó fẹ́ mọ̀. Ìyá Ẹ̀gà ló fò dé, koríko tútù lẹ́nu, láti tún ẹnu ọ̀nà ṣe. Pẹ̀kẹ̀! Ìyẹ́ rẹ̀ lẹ̀ mọ́ ọn. Òjò sì ti ṣú dùdù.

"Má bínú," ni Aláǹtakùn ń kólòlò, "Agbọ́n ni mò ń dè."

"Èmi tí mò ń bá yín tún un ṣe lẹ mú, Bàbá!"

Àwọn ẹ̀gà tó kù rọ́ dé, wọ́n fà á yọ. Ó fi ìyẹ́ díẹ̀ sílẹ̀ níbẹ̀.

"Ta ló rántí ibi tó hun?" ni Ìyá Ẹ̀gà bi wọ́n.

"Èmi hun ìdí!"

"Tèmi ni òrùlé!"

"Èmi ni mo so ó mọ́ ẹ̀ka!"

Wọ́n fò lọ sórí igi mìíràn, wọ́n hun tuntun, wọ́n dojú ẹnu ọ̀nà kọlẹ̀ kó má baà jò mọ́. Kí ẹ̀kán òjò àkọ́kọ́ tó já bọ́, gbogbo ẹyin ti wọlé. Halelúyà!

"Ẹ padà!" Aláǹtakùn ń ké. "Mo ti nu díẹ̀ kúrò!"

"Díẹ̀ kẹ̀, Bàbá?" Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Ẹnikẹ́ni ò padà.

Láti ọjọ́ náà ni Aláǹtakùn ti ń gbé inú ilé àtè lóun nìkan, tó ń dá ihò ara rẹ̀ dí, tí gbogbo ẹni tó bá ní ìyẹ́ sì ń sá fún un. Àwọn ẹ̀gà jọ ń pariwo lórí igi mìíràn yẹn títí dòní.

Ìwọ àgbà tó ń kà á náà, bóyá ètò kọ̀ǹpútà ni ìwọ àtàwọn ará jọ kọ lọ́fẹ̀ẹ́, tí o fẹ́ tì í pa nítorí ilé iṣẹ́ kan tó ń fi í gbayì láì bá yín tún un ṣe. Mo bẹ̀ ọ́ lórúkọ Olúwa, yí padà. Ṣí i sílẹ̀ fún wọn lónìí.