Ẹní fún Olóyè Adégòròyè
Owó Olóyè Adégòròyè ni Ìbíwùnmí àti ẹgbẹ́ rẹ̀ fi ń ṣe ẹ̀rọ asàba, èyí tí ń fi iná oòrùn sàba lé ẹyin adìyẹ títí yóò fi di òròmọdìẹ, l'Ógbómọ̀ṣọ́. Láàárọ̀ tí wọ́n kó ẹyin àkọ́kọ́ sínú rẹ̀ ni Olóyè wọlé, ó fa àga jókòó, ó ní: “Mi ò ní dìde níbí títí n ó fi rí òròmọdìẹ. Bí mo bá dìde láì rí i, ẹ ti ilẹ̀kùn yín pa.” Ìbíwùnmí kúnlẹ̀, ó ní, “A dúpẹ́, Bàbá. Ẹ gbọ́ o, gbogbo yín, Bàbá ní àwọn ò ní dìde.” Ó tẹ́ ẹní sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ, ó sì gbé ìrọ̀rí lé e. “Kí lèyí?” ni Olóyè bi í. “Ibùsùn yín ni, sà. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni ìyá adìyẹ fi ń sàba, ẹ̀rọ wa ò sì gbọdọ̀ yájú sí i. Bí ẹ bá dìde ṣáájú, ẹ̀yin lẹ sá, ẹ̀rọ ò sá.” Olóyè wo ẹní, ó wo ẹ̀rọ, ó bú sẹ́rìn-ín: “Ọmọ yìí, o ti mú mi so! Jẹ́ kí n máa lọ, n ó padà wá bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta bá pé.” Lọ́jọ́ tó padà dé, kí ẹnikẹ́ni tó rójú kí i káàbọ̀, àwọn òròmọdìẹ ti kí i.