Gèlè Ẹsẹ̀ Kòkànyín

Nígbà tí rélùwéè ṣì ń fọn fèrè kọjá ní Òkukù, tí gbogbo wa ń sáré jáde lọ wò ó bí ẹni pé a kò rí i lánàá, ọkùnrin kan wà tó ń jẹ́ Bàbá Láoyè. Ọgbọ̀n ọdún ló fi fẹsẹ̀ rin ojú irin, tó ń fi òòlù kan irin wò bóyá ó ti sán. Kò pẹ́ tó fẹ̀yìn tì ni ìyàwó rẹ̀ kú. Ó wá ku òun àti ajá tí obìnrin náà fi sílẹ̀. Nítorí àwa ará àdúgbò ni obìnrin náà ṣe sọ ajá ọ̀hún ní Kòkànyín. Lóòótọ́, kò kàn wá, ṣùgbọ́n ìyẹn ò ní ká má sọ̀rọ̀ wọn.

Lọ́dún kan, ìgbẹ́ gbuuru àti èébì dá Kòkànyín dùbúlẹ̀. Bàbá gbé e máyà lọ sílé ìwòsàn ẹran. Dókítà Olúgbòdi ní omi ti tán lára rẹ̀, àfi kí wọ́n fa omi sí i lára. Ó mú kánúlà jáde, ọ̀pá ike tín-ínrín tí wọ́n ń tì bọ inú iṣan.

"Dókítà, ẹ fi èyí tó tóbi sí i. Ajá mi kì í ṣe ajá yẹpẹrẹ."

"Bàbá, iṣan ló ń yan kánúlà, iyì kọ́."

Àǹtí Mosún, nọ́ọ̀sì ibẹ̀, ló di báńdéèjì lé e nígbà tí dókítà tì í bọ iṣan ẹsẹ̀ ajá náà tán. Kò sí ìyàwó kan ní Òkukù nígbà náà tí kì í ṣe Mosún ló wé gèlè fún un. Gèlè ọ̀hún a sì máa pẹ́ ju ìgbéyàwó mìíràn lọ. Ó ṣẹ́ báńdéèjì léra bí ẹni ń wé gèlè, ó fà á le, ó bo gbogbo ìka ẹsẹ̀ ajá pátápátá. A ń wá wò ó bí ẹni wá wo ọmọ tuntun.

"Mosún, ọwọ́ ẹ ò ní rọ o!"

Dókítà ti kìlọ̀ pé kí wọ́n máa tú u láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, kí wọ́n yẹ ẹsẹ̀ wò. Ta ló fẹ́ tú irú ẹwà bẹ́ẹ̀? Dókítà fúnra rẹ̀, tòun ti gbogbo ìwé tó kà, ẹnu ọ̀nà ló ń dúró sí, á ní, "Ó dára."

Láàárọ̀ ọjọ́ kẹta, omi kò kán mọ́. Mosún gbé àpò omi kọ́ sókè sí i. Kòkànyín ń kérora.

"Mosún, tú u," ni Bàbá wí.

"Ẹ̀yin Bàbá, ẹ wò ó bó ṣe rẹwà tó! Kí ló fẹ́ ṣe é?"

"Ọmọ mi, ibi tí koríko bá ti tutù yọ̀yọ̀, tó wu ojú jù lójú irin ni mo ti ń bá irin tó sán. Tú u. Òun nìkan ló kù tó ń dá mi lóhùn nínú ilé."

Mosún rọra tú u. Ẹsẹ̀ ti wú bí iṣu, àwọn ìka ti tutù. Kánúlà ti yọ kúrò nínú iṣan, abẹ́ awọ ni omi ń dà sí. Gbogbo àwa tó ń yìn ín bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́ jáde, èmi náà pẹ̀lú.

Dókítà sáré yọ ọ́. Ó wá iṣan mìíràn lẹ́sẹ̀ kejì, ó fi báńdéèjì kan báyìí tí kò ṣeé wò dì í, ìka yọ síta. Bàbá jókòó tì í, ó ń fọwọ́ kan àwọn ìka náà lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ìgbà tó ń kan irin. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ tó tẹ̀ lé e, Kòkànyín ju ìrù.

Fèrè rélùwéè ti dákẹ́ báyìí. Bàbá ti lọ, ajá rẹ̀ náà ti lọ. Mosún ṣì ń wé gèlè, ṣùgbọ́n bó bá wé e tán, á ti ìka bọ abẹ́ rẹ̀, á bi ìyàwó pé, "Ṣé kò fún ọ lórí jù?" Látìgbà yẹn ni àwọn àgbà Òkukù, bí ohun kan bá ti dùn-ún wò jù, ti ń rẹ́rìn-ín, tí wọ́n ń pa á lówe pé: ẹni tó wo gèlè kò tíì wo orí.