Màláì Olóńdè àti Ẹyẹ Inú Bàbà

Olùkọ́ kan gba ìtàn yìí lẹ́nu mi, ó tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé àwọn ọmọ ilé-ìwé, ó fi orúkọ ara rẹ̀ sí i, ó sì sọ obìnrin inú rẹ̀ di ọkùnrin. Èmi ni mo gbọ́ ọ ní Báńkọ́ọ̀kì nígbà tí mo máa ń lọ ra aṣọ níbẹ̀, lẹ́nu ìyá onílé tí mo ń wọ̀ sí. Bí ìyá náà ṣe sọ ọ́ ni màá ṣe kọ ọ́.

Ní ìlú kan létí odò ńlá ní ilẹ̀ Táílàńdì, opó kan wà tó ń jẹ́ Màláì. Ọkọ rẹ̀ ló ń ṣe ońdè ọkọ̀ ojú omi fún gbogbo ìlú, òun ló sì fi iṣẹ́ náà lé ìyàwó rẹ̀ lọ́wọ́ kó tó kú. Ońdè ọ̀hún kì í ṣe èyí tí à ń fi awọ dì bíi tiwa. Bàbà ni Màláì máa ń lù títí yóò fi fẹ́lẹ́ bíi háhá àgbàdo. Á wá fi ṣóńṣó irin ya Gàrúdà sára rẹ̀, ẹyẹ tó ní orí àti ìyẹ́ àṣá, tó ní àyà àti ọwọ́ ènìyàn, ọba gbogbo ohun tó ń fò. Wọ́n ní bó bá gbọn ìyẹ́ lẹ́ẹ̀kan, omi á là, ejò ńlá tó ń gbé ìsàlẹ̀ odò á sì wá ibi sá sí. Sínú ìyẹ́ kọ̀ọ̀kan, Màláì á kọ àdúrà kan, wínníwínní bí ẹsẹ̀ èèrà. Á fi fọ́nrán irun orí rẹ̀ kan sí i, á ká bàbà náà sí ọ̀tún mọ́ okùn òwú, ẹyẹ á sì wà nínú, ojú ẹnikẹ́ni kò ní rí i mọ́.

Ọjọ́ méje ni iṣẹ́ náà ń gbà, èèwọ̀ rẹ̀ sì le. Láti ìlà àkọ́kọ́ títí wọn yóò fi so ońdè mọ́ orí ọkọ̀, ẹni tó ń ṣe é kò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀. Ohùn rẹ̀ ló ń wọ inú bàbà. Bí wọ́n bá kí i, á mi orí.

Nítorí èyí ni Sómpọ́n, ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀, ṣe ń bá a gbé ońdè lọ sí etí odò. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, Baálẹ̀ béèrè ẹni tó ṣe iṣẹ́ àrà yìí. Sómpọ́n ní òun ni. Màláì wà lẹ́yìn rẹ̀, èèwọ̀ wà lẹ́nu rẹ̀, kò lè fọhùn. Ìyẹn kò burú. Ohun tó burú ni pé wọ́n so ońdè tán, èèwọ̀ tú, ó ṣì dákẹ́. Ó ní iṣẹ́ òun á sọ̀rọ̀ fún òun. Iṣẹ́ wo ló lẹ́nu? Fún ọdún mẹ́ta, ọkọ̀ ìlú kankan kò dànù. Wọ́n fi Sómpọ́n joyè, àwọn ọmọdé sì ń pe Màláì ní Ìyá Odi.

Lọ́dún kẹrin, omi kún dé ẹnu ọ̀nà ilé. Wọ́n gbẹ́ ọkọ̀ tuntun tí yóò kó àwọn aboyún sá lọ sí òdìkejì odò. Dáò, ọmọ kan ṣoṣo tí Màláì bí, wà nínú wọn. Ońdè ọkọ̀ kan kì í jẹ́ fún ọkọ̀ mìíràn, nítorí náà wọ́n ní kí Sómpọ́n ṣe tuntun. Ibà sì ti dá Màláì dùbúlẹ̀. Ojú ti Sómpọ́n láti jẹ́wọ́. Ó mú bàbà lásán, ó ń ká a, ó ń bá àwọn èrò ṣàwàdà, ó gbé e fún wọn.

Màláì fi ọ̀pá tẹlẹ̀ dé etí odò nígbà tí ọkọ̀ ti kúrò ní èbúté. Ó wo orí ọkọ̀, ó rí i pé òsì ni wọ́n ká ońdè náà sí. Ó figbe ta pé kí wọ́n dá ọkọ̀ padà, pé kò sí ẹyẹ nínú ońdè yẹn. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn èrò etí odò kò gbọ́ ohùn rẹ̀ rí. Ẹnì kan ní kí wọ́n wá gbọ́ Ìyá Odi, ó ti ń polówó.

Sómpọ́n rẹ́rìn-ín. "Ìyàwó wa, ibà ló ń sọ̀rọ̀ yẹn. Ẹ mú un lọ sílé."

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ sọ ẹni tó ń ṣe ońdè fún wọn."

"Gbogbo ìlú ló mọ̀ ọ́n."

Baálẹ̀ bi í pé bó bá jẹ́ òun ló niṣẹ́, ẹnu rẹ̀ dà láti ọdún mẹ́ta. Màláì yíjú kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀. Ó lọ síbi ọkọ̀ àtijọ́ tó ti jo, tí wọ́n fà gòkè, ó sì já ońdè orí rẹ̀, iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ àkọ́kọ́.

"Irun mi wà nínú rẹ̀," ó ní.

Ẹnikẹ́ni kì í tú ońdè, nítorí èyí tí a bá tú ti kú, bí ẹyin tó fọ́. Màláì tú u.

Fọ́nrán irun kan já bọ́. Gàrúdà sì na ìyẹ́ nínú oòrùn. Ìyá onílé mi rẹ ohùn sílẹ̀ nígbà tó dé ibí, èmi náà kò lè ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìmọ́lẹ̀ bàbà náà bọ́ sórí omi, ó ń gbòòrò, ó yọ apá. Láàárín odò, omi ti ń yí po lábẹ́ ọkọ̀ àwọn aboyún, orí ọkọ̀ ti ń wọlẹ̀. Afẹ́fẹ́ kan ti òkè wá, ó lù lẹ́ẹ̀kan péré, bí ìyẹ́ ẹyẹ tó tóbi ju ìlú lọ. Gbogbo igi tẹrí ba. Omi là títí ìsàlẹ̀ odò fi hàn, wọ́n rí iyanrìn ibẹ̀, wọ́n rí ohun gígùn kan tó ń wọ́ sá lọ, tí ìpẹ́ rẹ̀ ń dán. Afẹ́fẹ́ náà gbé ọkọ̀, ó fi í lé èbúté òdìkejì wọ́ọ́rọ́. Kò sí ẹni tó kú. Gbogbo èrò dojú bolẹ̀, Sómpọ́n pẹ̀lú wọn.

Nígbà tí wọ́n dìde, bàbà ọwọ́ Màláì ti di òfìfo, kò sí ìlà kan lára rẹ̀ mọ́. Iṣẹ́ tó dára jù tó ṣe láyé rẹ̀ ti fò lọ.

Baálẹ̀ wá rọra bi í pé, "Ìyá, ta ló dí yín lẹ́nu?"

"Èèwọ̀ dí i fún ọjọ́ méje," ni Màláì wí. "Ọdún mẹ́ta yòókù, èmi ni."

Ìdí nìyí tí àwọn àgbà, lọ́hùn-ún àti níbí, fi ń pa á lówe pé ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Èmi kò ní dákẹ́. Olùkọ́, ta ló sọ ìtàn yìí fún ọ? Dá mi lóhùn.