Àlejò Tó Ká Mọ́ra Nílé Àkùkọ

Ààlọ́ o!

Ààlọ̀!

Ẹ ò tíì jẹun ni? Ààlọ́ o!

Ààlọ̀!

Àlọ́ mi ń rìn bọ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ nínú kùrukùru, ó fẹsẹ̀ kọ Àkùkọ, ó sì ṣubú lé Akíka lórí.

Ìlú kan wà láyé àtijọ́ tí kùrukùru kì í kúrò níbẹ̀. Kùrukùru ọ̀hún nípọn débi pé àwọn ìyàwó ilé máa ń bù ú síkòkò, wọ́n á fi fọṣọ. Ẹni tó bá sùn síta, orí òrùlé ló máa jí sí. Ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀. Bàbá bàbá mi ló sọ ọ́ fún mi, kò sì parọ́ rí àfi tó bá lajú sílẹ̀.

Ẹranko ló ń gbébẹ̀, Ẹfọ̀n sì ni ọba wọn. Ìgbà tó yá, ikán wọ̀lú. Ikán yìí ò pariwo. Ilé á dúró bí ilé, ẹ kàn fọwọ́ kàn án pẹ́nrẹ́n, wúrú, ó ti di ìyẹ̀fun nínú kùrukùru. Ilé ń lọ bí àlá. Kò pẹ́, wọ́n yí àká ńlá ká, ibi tí gbogbo irúgbìn ìlú wà. Bí àká yẹn bá fi lè wó, kò sóhun tí wọ́n máa gbìn mọ́, ebi ló kàn.

Ọba Ẹfọ̀n bá ránṣẹ́ sí Akíka lọ́nà jíjìn. Akíka ni ẹranko tó wọ ìpẹ́ bí ẹja, tó jẹ́ pé ikán ló fi ń jẹ àárọ̀, ikán ló fi ń jẹ ọ̀sán. Ọba ní ẹni tó bá gba àlejò yìí sílé tí ara rẹ̀ fi balẹ̀ tó fi lè ṣiṣẹ́, òun á sọ ilé onítọ̀hún di ilé àlejò fún gbogbo ìlú.

Àkùkọ gbọ́, ó fò dìde. Ó fẹ́ràn oúnjẹ ju ẹ̀mí lọ, ó sì fẹ́ràn kí wọ́n máa pe orúkọ òun ju oúnjẹ lọ. Ó ní ta ló tún mọ àlejò kí bí òun? Ṣé ẹ rí i, àṣà ìlú yẹn ni pé àlejò kì í dá wà. Bó bá jókòó, wọ́n á yí i ká. Bó bá ń jẹun, wọ́n á máa wò ó lẹ́nu kí wọ́n lè bù kún un. Bó bá lóun fẹ́ sùn, wọ́n á bá a sùn. Ẹni tó bá fi àlejò sílẹ̀ lóun nìkan, wọ́n á ní ó ti lé e nìyẹn.

Bí Akíka ṣe yọ látinú kùrukùru, Àkùkọ da ìlú bò ó. Wọ́n dì mọ́ ọn, wọ́n já ẹrù gbà lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n bi í léèrè ìyá, wọ́n bi í léèrè bàbá, wọ́n bi í léèrè àna. Wọ́n tan àtùpà yí yàrá ká débi pé òjìji sá kúrò nílé. Wọ́n gbé ọbẹ̀ tí irú ń ta sánsán nínú rẹ̀ síwájú rẹ̀. Àkùkọ wá dá orin. Ẹ gbè é dáadáa:

Lílé: Àlejò dé, ẹ yí i ká
Ègbè: Kùkùrùkúù!
Lílé: Ẹ fọwọ́ bà á, ẹ gbé e jó
Ègbè: Kùkùrùkúù!
Lílé: Kó mọ̀ pọ́dọ̀ mi ló dé sí
Ègbè: Kùkùrùkúù!

Gbogbo ìpẹ́ ara Akíka dìde. Ó ki orí sáàárín itan, ó fi ìrù bò ó, kìrìbìtì, ó di bọ́ọ̀lù.

Àkùkọ ní ìkíni ni ò tíì tó. Wọ́n kí i sí i, bọ́ọ̀lù le sí i. Ó ní iná ò tíì mọ́lẹ̀ tó. Wọ́n tan òmíràn, bọ́ọ̀lù tún le sí i. Níta lọ́hùn-ún, apá kan àká rọra tẹ̀, sùẹ̀, bí ẹni tó ń tòògbé.

Àwọn ará ìlú bẹ̀rẹ̀ sí í kùn pé irú agbéraga wo rèé, à ń kí i, kò jẹ́. Ọba náà ránṣẹ́ sí Àkùkọ pé bí àká bá wó kí àlejò tó tú ara ká, inú ìkòkò ọbẹ̀ ni ìlú á ti máa bá a sọ̀rọ̀. Àkùkọ gbé omi kaná. Ó ní òun á dà á lé àlejò lórí, bó bá gbóná dé egungun, á ṣí fúnra rẹ̀.

Ni Àgbébọ̀, ìyàwó rẹ̀, bá na ìyẹ́ dí ẹnu ọ̀nà.

"Baálé mi, nígbà tí mo bá ń sàba, ta ló ń wá bá mi tàkúrọ̀sọ?"

"Kò sí. O máa ń fi ẹnu sọ èèyàn lójú."

"Ṣé ìgbéraga ni?"

"Rárá o. Ariwo ni o ò fẹ́."

"Ta lẹ wá ń kí láti àárọ̀, àlejò ni àbí ara yín?"

Àkùkọ gbé omi gbígbóná náà lọ dà nù. Àgbébọ̀ ní kí gbogbo wọn jáde. Ó fẹ́ àtùpà pa, ó gbé ọbẹ̀ irú síta, ó wá jókòó sí ọ̀ọ́kán. Kùrukùru wọlé, ó tẹ́ ara rẹ̀ sílẹ̀ bí ẹní. Ilé dákẹ́ débi pé ẹ óò máa gbọ́ bí irun ṣe ń hù lára ológbò ládùúgbò kejì. Ó pẹ́ díẹ̀. Ìpẹ́ kan tú. Òmíràn tú. Orin kan wá ń jáde látinú bọ́ọ̀lù, tín-ín-rín bí òwú. Ohùn kékeré lẹ máa fi gbè é o, ẹ má bà á jẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́:

Lílé: Mo rìn títí, mo délé yín
Ègbè: Rọra o, rọra
Lílé: Iná yín ń gún mi lójú
Ègbè: Rọra o, rọra
Lílé: Ohùn yín ń ta mí bí agbọ́n
Ègbè: Rọra o, rọra
Lílé: Mi ò bínú, mi ò gbéra ga
Ègbè: Rọra o, rọra
Lílé: Ara mi ni mo fi ṣelé
Ègbè: Rọra o, rọra

Àgbébọ̀ wá bi í, ohùn rẹ̀ nísàlẹ̀: "Báwo lẹ ṣe máa ń sinmi nílé yín?"

Kò sẹ́ni tó bi Akíka ní irú ìyẹn rí. Ó ní ilé tó ṣókùnkùn tó sì tutù ni. Kí iyẹ̀pẹ̀ rírọ̀ wà nílẹ̀, kí ẹnu ọ̀nà rẹlẹ̀, kí oúnjẹ má rùn. Kí ẹni tó bá ń bọ̀ kọ́kọ́ fi èékánná ha ògiri, kí òun lè mọ̀. Kí òun sì lè wọlé, kí òun jáde, láìkí ẹnikẹ́ni, kí wọ́n má bínú. Èyí tó kẹ́yìn yìí ló dun ìlú jù, àmọ́ àká ti ń tẹ̀.

Wọ́n po amọ̀, wọ́n mọ yàrá kan bẹ́ẹ̀ fún un, wọ́n ru iyẹ̀pẹ̀ odò sínú rẹ̀, kò sẹ́ni tó gbin. Àkùkọ gan-an ló fẹsẹ̀ tú iyẹ̀pẹ̀ náà títí ó fi rọ̀ bí èlùbọ́. Akíka wọlé, ó sùn. Oorun ọ̀hún dùn débi pé gbogbo ohun tó gba ẹ̀gbẹ́ ilé náà kọjá ló yán, títí kan odò. Nígbà tó jí, ó jáde, kò kí ẹnikẹ́ni, wọn ò sì bínú. Ó na ahọ́n. Ahọ́n yí àká ká, ó yí ìlú po, ó doko, ó tún yà kí àwọn àna rẹ̀. Ó wá fà á padà, ṣọ̀ọ̀. Ikán tán. Àká dúró digbí.

Ọba mú ìlérí ṣẹ. Ojú Àkùkọ là, ó sọ gbogbo yàrá di òkùnkùn, ó ní òun ti mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Ni Ẹtu bá dé sílé àlejò, ẹni tó jẹ́ pé bí ò bá sáré, oorun kì í kùn ún. Wọ́n tì í mọ́nú òkùnkùn. Gbì, gbì, gbì, ó ń kan ògiri títí Àgbébọ̀ fi lọ ha ògiri, tó sì bi í bó ṣe ń sinmi. Wọ́n bá wó apá kan, wọ́n là á sí àgbàlá. Ẹtu sáré yí i po títí oorun fi gbé e lórí ìrìn. Àtìgbà náà, yàrá kan ò jọ èkejì mọ́ nílé yẹn.

Kí Akíka tó máa lọ, Àkùkọ bi í tìtìjútìtìjú pé ṣé òun ò wá ní kọ mọ́ láyé ni.

"Ẹ máa kọ," Akíka dáhùn. "Ohùn yín ò burú. Àìmọ ìgbà tí ohùn náà máa dún ló ń dẹ́rù bà mí. Ẹ mú àkókò kan, kẹ́ ẹ má yẹ̀ ẹ́."

Àkùkọ mú ìdájí. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé, bí ilẹ̀ bá ti fẹ́ mọ́, ó ń kọ, kí gbogbo àlejò ayé lè ti mú ara dúró dè é. Èyí tó bá ń kọ lọ́sàn-án, kò gbọ́ àlọ́ yìí ni.

Ibẹ̀ ni àlọ́ mi jókòó sí, kò dìde mọ́. Bí mo bá fi irọ́ kún un, kí eyín kan ṣoṣo tó kù lẹ́nu mi kọ ẹ̀pà.

Ẹ̀kọ́ ibẹ̀ ni pé ìtọ́jú àlejò kì í ṣe ohun tó wu onílé, ohun tó fún àlejò nísinmi ni. Ara ò dọ́gba. Ẹni tó bá ká mọ́ra tí ò dáhùn, ẹ má pè é ní agbéraga. Ẹ bi í bó ṣe ń sinmi, kẹ́ ẹ sì ṣe é bó ṣe wí.